Ọmọba Leuthold àti Ẹyẹ Onígi

Gbogbo ìlú Wiedenhall ló ń pe Leuthold ní Kábíyèsí, bẹ́ẹ̀ kò jọba lé ohunkóhun lórí ju igbó páìnì kan àti ààfin àtijọ́ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn Leuthold kò jó rárá, ó kàn ń jò ṣáá ni, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló sì ń gun òrùlé lọ máa lẹ̀ ẹ́. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni adé ti bọ́ lórí ìdílé wọn, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí. Lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, Ọmọba ti di orúkọ ìdílé lásán, bí ìgbà téèyàn ń jẹ́ Alágbẹ̀dẹ tí kò fọwọ́ kan irin rí. Ó ń gé igi Kérésìmesì tà, ó ń mú àlejò yí ààfin ká, ó sì wà lára àwọn panápaná ìlú. Ayé rẹ̀ tù ú lára.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ni kò tù ú. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó mọ ẹni tó fẹ́, àyà láti sọ ọ́ ni kò ní. Dókítà Gesine ni, tó ń tọ́jú màlúù gbogbo agbègbè náà, obìnrin tó lè ki apá bọ abo màlúù lára dé èjìká kó sì máa bá ọ sọ̀rọ̀ òjò. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn ní bòókẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé gbogbo ìlú ló mọ̀ àfi Àǹtí Walburga.

Àǹtí Walburga ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin ilé wọn wà: ẹni tó bá máa ṣe olórí ẹbí kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ará ilé ọba. Ìjọba kò ka òfin yìí sí mọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí Walburga kà á sí, ó sì tó. Leuthold kò fẹ́ ba màmá náà nínú jẹ́. Ká má purọ́, ó tún ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Mo fún ẹ dìgbà ọdún àwọn oníbọn," ni Gesine wí. "Wọ́n ń wá dókítà màlúù létí òkun. Tí o kò bá tíì sọ fún Àǹtí, màá lọ. Mi ò bínú o, ó kàn ti sú mi ni."

Lọ́jọ́ ọdún àwọn oníbọn, ẹyẹ onígi kan máa ń wà lórí òpó gíga. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníbọn á máa yìn ín níbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá já èyí tó kù bọ́ sílẹ̀ ló jọba ọdún náà, yóò sì pe ẹni tí yóò jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí oyè. Ìdílé Leuthold kì í jẹ oyè yìí. Ìbọn àkọ́kọ́ nìkan ni tiwọn, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ jókòó ti bíà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ní ẹni tó pàdánù ìtẹ́ kì í lọ bá ará ìlú du àpótí. Ṣùgbọ́n Leuthold ti ro tirẹ̀: tí òun bá jọba, òun á pe Gesine lójú gbogbo ayé, Àǹtí á sì gbọ́ láìjẹ́ pé òun la ẹnu. Ọgbọ́n ojo ni, àmọ́ ọgbọ́n ṣáà ni.

"Kábíyèsí, bíà yín wà lábẹ́ àtíbàbà," ni Detlef alápatà, alága ẹgbẹ́, sọ fún un nígbà tó yìnbọn àkọ́kọ́ tán.

"Mò ń tò sórí ìlà lọ́dún yìí."

Detlef yọjú wo àtíbàbà níbi tí Àǹtí Walburga jókòó sí tòun ti fìlà ńlá. "Ṣé Màmá ti gbọ́?"

"Wọ́n á gbọ́ ìró ìbọn."

Orí ẹyẹ lọ, ìyẹ́ méjèèjì lọ, ó ku àyà tó ń mì lórí ìṣó. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọkùnrin Wiedenhall gbàgbé ìbọn yíyìn. Oníbúrẹ́dì tó ń pa ehoro nínú kùrukùru tàsé. Detlef náà tàsé.

"Detlef, ìkùukùu lo fẹ́ pa ni?" ni ẹnì kan kígbe.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ojú ló ń dùn mí."

Wọ́n ń fi ẹyẹ náà sílẹ̀ fún Leuthold ni. Ó yé e, omi sì lé sí i lójú, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìbọn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àtíbàbà, ó rí i tí Àǹtí Walburga gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ó tàsé.

Gesine, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ló kàn. Detlef sún mọ́ ọn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tàsé."

"Wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn," ni Gesine wí, ó yìnbọn, ẹyẹ bọ́.

Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fàdákà oyè kọ́ ọ lọ́rùn. Detlef ní, "Ọbabìnrin, ta lẹ mú?"

"Leuthold ni mo fẹ́ mú, àmọ́ mi ò lè mú ẹni tí kò lẹ́nu. Kó lọ sọ tẹnu ẹ̀, tàbí kí n mú ìwọ Detlef."

"Ìyàwó mi wà níbí o, Dókítà."

Leuthold rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀rù bà á ju ọjọ́kọ́jọ́ tó gun òrùlé lọ. "Àǹtí, Gesine ni mo fẹ́ fẹ́. Mo mọ òfin. Tí ẹ bá ní kí n fi ipò olórí ẹbí sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀. Òun ni mi ò lè fi sílẹ̀."

Màmá náà gbé awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sí màlúù kan ṣoṣo láàfin," ló wí, "dókítà màlúù sì ń sùn síbẹ̀. O rò pé mi ò mọ̀? Ẹnu ẹ ni mò ń dúró dè."

"Òfin ńkọ́, Àǹtí?"

"Òfin ní ará ilé ọba ni kó o fẹ́. Èwo nínú yín ló ń jọba báyìí, ìwọ àbí òun?" Ó yíjú sí Gesine tó ti tẹ̀lé Leuthold wá. "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún kan péré lo máa fi wà lórí oyè. Ẹ tètè lọ ṣègbéyàwó."