Okùn Agogo Tó Kù Sílé Ahunṣọ

Àdín ló máa ń rùn lábẹ́ àtíbàbà agogo wa ní Ìwó láyé ìgbà yẹn. Òun la fi ń pa okùn kí eku má baà jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ débi pé bí a bá dé ọjà, àwọn ìyá oníṣòwò á ti mọ̀ pé alágogo ló ń bọ̀. Reluwé ló gbé agogo náà dé ìtòsí, àwa la rù ú wọ̀lú, tí a gbé e kọ́ sára òpó ayan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ wa. Ìpè ìrun ti máa ń jí ìlú kí tiwa tó dún, ìyẹn ò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹni tó bí mi nínú, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà.

Èmi ni olórí àwọn alágogo. Bí o bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, jọ̀ọ́, lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa. Ẹlòmíràn á lọ sóko lọ́nà Kuta, kò ní rántí pé òun ló kàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni méjì á jọ dé, wọ́n á máa jà sí okùn bí ẹni ń jà sí ilẹ̀ baba. Tísà tí wọ́n rán wá ṣètò ìjọ wá fi òfin lélẹ̀ pé kí oníkálukú ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ á máa tú okùn lọ sílé, kí àwọn ọmọdé má baà fi ṣeré. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu agogo ní ọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda okùn fún un. Òfin náà dára. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, ìjà sì tán.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ahunṣọ, ẹgbẹ́ mi ni, kò sì pa ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Ilé-Ogbó, ó kó opó àti àwọn ọmọ wá sílé ara rẹ̀, ó fún wọn ní yàrá kan. Kò ṣú obìnrin náà lópó. Ìyàwó rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, opó sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí a jọ ń wọlé tí a jọ ń jáde mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tísà ní obìnrin méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan, ó yọ ọ́ kúrò nídìí oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ nídìí agogo o! Ọwọ́ tí kò mọ́ tó láti gba àkàrà Olúwa mọ́ tó láti pe àwọn ẹni mímọ́ wá jẹ ẹ́. Ahunṣọ kàn rẹ́rìn-ín, ó ń fa okùn rẹ̀ lọ.

Ibà ló pa á, láàárín ọ̀sẹ̀ rẹ̀, okùn sì wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Mo lọ bá tísà kí wọ́n jẹ́ ká lu agogo òkú fún un. Kò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

"Ẹni tí a ti yọ ò ní agogo," ó ní. "Lọ gba okùn wá nílé rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí i lù lọ́jọ́ Àìkú."

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, òun ló ń lù ú fún gbogbo wa."

"Mo ní kí ìwọ lọ gba okùn wá."

Ìwọ! Èmi tí mo lè bí i. Mo lọ ṣá. Ìyàwó olóògbé kúnlẹ̀ kí mi. Ó ti ká okùn náà sílẹ̀ dè mí, ó rò pé mo wá gbé e lọ lu agogo fún ọkọ òun. "Mo ti fi àdín pa á," ó ní. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dún dáadáa o." Mo ní kó ṣì tọ́jú rẹ̀ ná, mo jáde, mo fi orí ti ògiri ìta, mo sì sunkún ìbínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, torí tísà ò fún un nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àáfà tí ilé rẹ̀ fara ti ti ahunṣọ wá pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n bá wa gbẹ́lẹ̀. Ó ń tẹ́tí sílẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó rọra bi mí pé, "Alágogo, agogo yín dà?" Ojú tì mí débi pé mo bínú sí òun náà.

Mo pe àwọn alágogo jọ. Mo ní ọ̀sẹ̀ ahunṣọ ò tíì parí, kò sì yọ̀ǹda okùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó lọ tọrọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Òfin tísà ni, àwa ò sì ní rú u. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú dé, agogo ò dún. Àlùfáà àgbà tó máa ń ti Ìbàdàn wá fún wa ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa wọlé, àga lásán ló bá. Ó pẹ́ kí èèyàn tó pé. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àwọn alágogo ló ń ṣoríkunkun, sà," tísà dáhùn.

Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìjọ. Mo ní bí a bá máa tú òfin náà, ẹ jẹ́ ká tú u láti fi lu agogo fún ẹni tó kú. Àlùfáà kọjú sí tísà.

"Ṣé ó ń lu agogo fún yín lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́?"

Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé orin.

"Ẹ lù ú fún un," àlùfáà wí.

Ìyàwó ahunṣọ ló gbé okùn wá, èmi ni mo fà á, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń lu ti òkú. Àwọn kan ń sunkún, wọ́n ní Ọlọ́run ti dá wa láre. Àre wo? Ìgbà tí obìnrin yẹn dúró lẹ́yìnkùlé, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju ọkọ́ tó ń bo ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni mo fẹ́ agogo. Àlùfáà ní kí èmi àti tísà bọ ara wa lọ́wọ́. A bọwọ́. Tísà ní, "Ó ti tán o."

Ó ti tán fún òun. Ohun tí mo mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé èèyàn lè lo ọwọ́ ẹnìkejì títí, kó má sì rí i pé èèyàn ló ni ọwọ́ náà. Mo ti darúgbó, mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń gba Àdúrà Olúwa pẹ̀lú ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi tí a ti ń sọ pé àwa náà ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá, mo máa ń pa ẹnu mọ́, kí n má baà purọ́ fún Ọlọ́run nínú ilé rẹ̀.