Ọ̀rọ̀ Mẹ́rìnlélógún Tí Akọ̀wé Tò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí akọ̀wé yìí jẹ́, inú dúróọ̀ tábìlì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bírò dúdú lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Létòlétò ni wọ́n ń pè é, àwọn tó fún un lórúkọ náà kò sì purọ́ mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ìyàwó òun bá dé ọ̀run, yóò ní kí àwọn áńgẹ́lì tò bí wọ́n ṣe ga sí kí òun tó jókòó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú fáìlì ní ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé A ló ń ṣíwájú B, àti pé bí èèyàn bá ti da ìwé kan kọ dáadáa, kí ó fa èyí tó rí wúruwùru ya, kí méjèèjì má baà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan ló gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn náà, yàrá méjì péré lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Iṣẹ́ wọn ni láti san owó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Màmá ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Nígbà tí àwọn olóore òkè òkun sọ pé báǹkì ń dá owó àwọn padà, Màmá gbà kí wọ́n máa fi kirípítò ránṣẹ́, owó inú íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í gba ọ̀dọ̀ báǹkì kọjá. Inú fóònù Màmá ni àpò owó náà wà. Nọ́ńbà àpò náà wà lójú-ewé ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè sanwó sí i, ẹnikẹ́ni sì lè wo iye tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, fóònù náà fún wọn ní ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìnlélógún. Bí fóònù bá sọnù, àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni wọn yóò fi ṣí àpò náà lórí òmíràn. Màmá kọ wọ́n sẹ́yìn àpòòwé kan, ó ní kí akọ̀wé tọ́jú rẹ̀.

Akọ̀wé tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé funfun, ó tò wọ́n bí A, B, D ṣe ń tẹ̀ léra, ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa àpòòwé náà ya wẹ́wẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí Màmá ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ká sòótọ́, òun náà ò bèèrè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹnì kan yọ fóònù lápò Màmá nínú ọkọ̀. Màmá ò tiẹ̀ jáyà. Wọ́n ra òmíràn, ó sì nawọ́ gba ìwé.

“Kò gbà o,” ni Màmá wí nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. “Ṣé bí mo ṣe kọ wọ́n nìyí?”

Akọ̀wé wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rántí àpòòwé tó fà ya.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Màmá ní bóyá fóònù tuntun náà ló ń ṣe wèrè, kí akọ̀wé wá ẹni tó lè wò ó. Akọ̀wé nìkan ló lọ bá atúnfóònùṣe. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì mi orí.

“Àǹtí, ká ní méjìlá ni, à bá gbìyànjú. Mẹ́rìnlélógún? Ẹ lè máa tò ó títí ayé á fi parẹ́.”

“Ṣé owó náà ti lọ ni?”

“Kò lọ síbì kankan. Ẹ máa máa rí i. Ẹ ò kàn ní lè fọwọ́ kàn án ni.”

Ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kó yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lójú-ewé ẹgbẹ́. Òun ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n Màmá á bèèrè ìdí, ojú sì ń tì í. Mi ò ní bá a wá àwáwí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ pé àwọn ń tún un ṣe lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wọn ni Tíṣà, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí owó há, ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Síbẹ̀, á ṣì máa fi akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́: “Létòlétò, ṣé ẹ ti tò mí sí T ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí A, kó lè tètè kàn mí.” Akọ̀wé á bá a rẹ́rìn-ín, á sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, ó ṣí ojú-ewé náà, ó rí i pé owó ńlá ti wọ inú àpò. Lẹ́tà kan tún wà nínú í-meèlì ẹgbẹ́. Àwọn tí Tíṣà kọ́ nígbà kan rí, tí wọ́n ti fọ́n ká gbogbo ayé, ló dá a jọ: owó ẹ̀rọ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún odindi ọdún kan. Nọ́ńbà tí wọ́n bá lójú-ewé ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kí akọ̀wé tó dìde, ìyàwó Tíṣà ti gun àtẹ̀gùn dé, ó mú káàdì ọsibítù ọkọ rẹ̀ dání, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Àwọn ọmọ ti fi hàn wá lórí fóònù, owó náà wà níbẹ̀ ketekete. Olúwa á bá wa san án fún yín. Èémí ò já gaara fún bàbá wọn láti àná. Ṣé ká gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ lónìí, àbí kó di ọ̀la?”

“Ìyá, ẹ kọ́kọ́ jókòó.”

“Mi ò jókòó, ọkọ̀ ń dúró dè mí. Ẹ sáà sọ ọjọ́.”

Akọ̀wé gba káàdì náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ kó lè ṣe déédéé pẹ̀lú etí tábìlì.

“Ẹ má gbé e lọ,” ló wí. “Owó yẹn ò lè jáde. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé e.

“Tó bá jẹ́ ọ̀la,” ló bèèrè, “aago mélòó?”