Oúnjẹ Hamid Lójú Fèrèsé

Tábìlì ẹni mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ fún wọn. Ìyẹn ni Làtíìfù kọ́kọ́ rí ní hòtẹ́ẹ̀lì náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwo mẹ́ta, ife mẹ́ta, káàdì kékeré mẹ́ta tí wọ́n kọ orúkọ sí. Hàlímọ̀tù. Làtíìfù. Hamid.

Hamid ti kú. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló kú, ní Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mọ́tò kan ló gbá a. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Làtíìfù àbúrò rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún. Ìyá wọn, Hàlímọ̀tù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mummy Hamid, jókòó síwájú àwo náà, wọn kò sì mọ nǹkan kan.

Hamid ló gba yàrá yẹn fún wọn láti oṣù kẹsàn-án. Ogún ọdún ni Mummy ti fi ń tún ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ṣe. Àwọn òyìnbó náà a máa lẹ àwòrán mọ́ ògiri, àwọn àti ọmọ wọn lórí òkè funfun, pákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀ wọn. Bí Mummy bá nu eruku ara àwòrán yẹn tán, wọ́n á délé wá sọ ọ́ ní Peckham, àdúgbò wọn.

"Ó yẹ kí n fi ojú ara mi rí yìnyín tó jókòó jẹ́ẹ́. Kì í ṣe ti Peckham yìí tó ń di ẹrẹ̀ kí èèyàn tó wọ bàtà tán."

Hamid gbọ́ ọ títí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mummy, ó ti tó. A ń lọ."

Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ni, lórí òkè kan ní ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vincent, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjì, ló ń bójú tó o. Bí èèyàn bá ṣí fèrèsé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì, eré fífi pákó yọ̀ lórí yìnyín, ló wà níwájú rẹ̀ gan-an, bí títì ṣe wà níwájú fúláàtì wọn nílé.

Nígbà tí Hamid kú, àwọn àgbà ìdílé pé sílé Uncle Ọlátòkunbọ̀, àbúrò olóògbé bàbá wọn. Ìjọba kò tíì yọ̀ǹda òkú. Ọjọ́rú ni wọ́n fi ìsìnkú sí. Nínú ìdílé wọn, ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Làtíìfù, mú ìyá rẹ lọ síbi òkè yẹn," Uncle ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kí ẹ tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, a ó ti ṣe tán. Àwa àgbà la ó sọ fún wọn. Ìwọ, má la ẹnu rẹ."

"Èmi ńkọ́, Uncle? Bùrọ̀dá mi ni."

"Mo mọ̀. Ta ló tún wà tó lè mú wọn lọ?"

Kò sí. Làtíìfù ní ó dáa. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo nǹkan ló ń sọ pé ó dáa sí. Ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún Mummy ni pé ibi iṣẹ́ Hamid kò tíì dá a sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé bá wọn. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Vincent wá síbi tábìlì. Ó nawọ́ sí àwo kẹta, ó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ó ń bọ̀," Làtíìfù dá a lóhùn.

"Sọ fún un kó má kó àwo ọmọ mi o," Mummy sọ. Wọ́n fi tíṣù di búrẹ́dì kan, ẹyin sísè kan àti ọsàn kan. "Hamid kì í jẹun lọ́nà. Tó bá ti wọlé báyìí, ariwo ebi ló máa kọ́kọ́ pa."

Nígbà tí wọ́n dé yàrá, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n gbé e sínú yìnyín tó wà lórí ibi pẹlẹbẹ níta. "Fíríìjì ọ̀fẹ́," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún di òmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ òkè, wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n bá Hamid gbé wá lé tiwọn, wọ́n ń wo àwọn tó ń yọ̀ bọ̀.

"Ẹni tó bá sáré báyìí ní Peckham, ọlọ́pàá ló ń lé e."

"Bẹ́ẹ̀ni, ma."

"Wo màmá yẹn! Ó jù mí lọ. Ó ti ṣubú. Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Làtíìfù, wọ́n sanwó kí wọ́n lè wá ṣubú."

Làtíìfù gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ nìkan ló yọ.

"Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Láti ìjọsí lo ti ń ṣe bí ẹni tí wọ́n yọ bátìrì lára rẹ̀."

"Òtútù ni, Mummy."

Ọjọ́rú dé. Mummy tún di ìdì kẹta. Aago méjì Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò sin Hamid. Aago mẹ́ta nìyẹn níbí.

Nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì Làtíìfù ni fóònù Hamid wà. Àwọn ọlọ́pàá ló kó o fún un pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Pípa ló pa á láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́rú ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀, ó tàn án, ó wá ohùn tí Hamid fi ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Làtíìfù, ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn o. Má wá máa yá tèmi." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sunkún. Ó dá fóònù padà sápò, ó gbàgbé láti pa á.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, wọ́n wà nínú yàrá. Mummy mú fóònù tiwọn.

"Jẹ́ n gbìyànjú Hamid wò. Ó lè jẹ́ wọ́n ti bá a tún un ṣe."

Fóònù dún. Inú àpò àyà Làtíìfù ló ti ń dún.

Kò mira. Mummy náà kò gé e. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Mummy tún tẹ̀ ẹ́, ojú wọn wà láyà ọmọ wọn. Ó tún dún.

"Mú un jáde."

Ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú fóònù náà ti sán. Mummy wo ibi tó sán náà.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀, ma."

"Ọjọ́bọ̀ tí Mìsítúrà ìyàwó Uncle yín wá sùn sílé mi, tó ní orí ń fọ́ òun?"

"Bẹ́ẹ̀ni, ma."

Níta, ọmọ kan ń pariwo pe bàbá rẹ̀ pé kó wo òun. Mummy jókòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí àga kò dá lójú.

"Wọ́n ti sin ín?"

"Aago mẹ́ta ibí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìwọ sì wà níbí."

"Wọ́n ní kí n mú yín wá."

"Ta ló máa wọ inú ilẹ̀ lọ gbà á?"

Ìbéèrè yẹn ni Làtíìfù ti ń sá fún láti Peckham. Iṣẹ́ àbúrò ni. "Uncle," ó ní. "Àti Tósìn."

Ọ̀rẹ́ Hamid ni Tósìn, láti ilé ìwé. Ó ti ṣèlérí fún Làtíìfù pé òun máa fi ìsìnkú náà hàn án lórí fídíò. Làtíìfù sọ ọ́ fún Mummy, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wò ó.

"Rárá. Mi ò gbọ́dọ̀ rí i, mi ò sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀." Wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n kọjú sí òkè funfun. "Ṣùgbọ́n ìwọ, wò ó. Wọn ò ṣe dáadáa sí ọ. Máa sọ fún mi. Má ṣáà dárúkọ ibẹ̀."

Aago mẹ́ta lù. Ojú Tósìn yọ lórí fóònù Làtíìfù.

"Bro, you there? Everybody's here, fam."

Làtíìfù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdó bọ́ọ̀sì.

"Wọ́n ti gbé e jáde nínú mọ́tò."

"Aṣọ funfun ni?"

"Funfun ni."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, ma."

"Èèyàn pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wá, èyí tó ń tàn yẹn. Wọ́n ti kírun tán. Tósìn ti gbé fóònù fún ẹlòmíì. Òun àti Uncle ti wọlẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbé e bọ̀. Wọ́n ti gbà á."

"Wọ́n yí i sí apá ọ̀tún?"

"Wọ́n ti yí i."

"Apá ọ̀tún náà ló fi ń sùn láti kékeré," Mummy sọ fún fèrèsé. "Mo bá a jà títí. Kò gbọ́."

"Wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀. Oníkálukú ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹta."

Ọwọ́ Làtíìfù kan wà lórí itan rẹ̀. Ó di í, ó tú u. Nígbà tó yá, fídíò gé.

Ètè Mummy ń mì pẹ̀lú àdúrà tí kò jáde síta. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n kó ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Búrẹ́dì ti le bí òkúta. Wọ́n ṣa ọsàn mẹ́ta.

"Sàárà rẹ̀ nìyí. Kò gbọdọ̀ bá wa padà délé, àwọn ọmọdé ni ká fún."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ Vincent àti ọ̀rẹ́ wọn kan ń ṣeré nísàlẹ̀ òkè. Mummy fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọsàn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fún wọn. Vincent jáde wá, ó béèrè lọ́wọ́ Làtíìfù bóyá ọdún ni wọ́n ń ṣe.

"Bùrọ̀dá mi ló ni ọsàn náà," Làtíìfù sọ. "Kò ní wá mọ́. Ẹ lè kó àwo kẹta."

Vincent wo ojú rẹ̀. Ó wọlé lọ kó àwo náà.

Làtíìfù rìn díẹ̀ síwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ yìnyín. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sílẹ̀. Ó bu ìkejì. Ó bu ìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó ń dùn ún wọnú egungun. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó dùn ún láti Ọjọ́bọ̀.

Mummy dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dúró títí ó fi da ìkẹta tán.

"Wọ gílọ́ọ̀fù rẹ," ni wọ́n wí.