Fíláàṣì Màmá Ìdógùn

Ọjọ́ tí mo rí Màmá Ìdógùn tó ń sáré lọ sábẹ́ ìrókò, tí àrá sì ń kù bọ̀, mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò, mo figbe ta. Iṣẹ́ tí èmi rán sí i lórí fóònù ló ń sáré lọ kà!

Níbi iṣẹ́ wa, òpó là ń rì sínú oko àwọn àgbẹ̀, a ó gbé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lé e lórí. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ìjì á ta àwọn yòókù lólobó, láti Ìdógùn títí dé Ìpele, kíá ni àtẹ̀jíṣẹ́ á dé fóònù àwọn àgbẹ̀: mànàmáná ń bọ̀, ẹ kúrò ní gbangba. Inú mi ń dùn ṣìnkìn sí i. Àṣé ìdí ìrókò kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀kì wà ní oko àwọn Màmá. Wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi fóònù kọ́ sí nínú ọ̀rá.

“Màmá! Ẹ kúrò níbẹ̀!”

“Ṣebí ìwọ náà lo ní kí n máa wò ó!”

“Mo bẹ̀ yín, ẹ sáré wá sínú mọ́tò!”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò tán ni àrá sán. Èèpo ìrókò bó láti òkè délẹ̀, fóònù rẹ̀ jóná ráúráú. Ó wo igi, ó wò mí.

“Háà, ọmọ Ọ̀wọ̀! O fẹ́ẹ̀ pa mí, o tún gbà mí là.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń sunkún.

Kíá la gbé hóònù sórí òpó wọn. Bó bá ti ké, abà ni kí oníkálukú gbà lọ. Màmá wá fi tirẹ̀ kún un: tó bá ti délé lẹ́yìn òjò, á fíláàṣì mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù á dún. “Má gbé e o, má jẹ kírẹ́díìtì mi!” Bí mo tilẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi kì í balẹ̀ àfi tó bá dún.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Àkúrẹ́ ni mo wà. Màmá náà ti lọ. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, àrá kò rí i mú. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kí n má tàn yín. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ yọ nọ́ńbà mi kúrò lára àwọn tí òpó ń ránṣẹ́ sí, mo ní wọn kò gbọdọ̀ dán an wò.

Lánàá, òpó Ìdógùn ránṣẹ́: mànàmáná ń bọ̀. Mo jókòó ti fóònù. Nígbà tó yá, ó tún ránṣẹ́ pé òjò ti dá. Mo ṣì ń wò ó. N kò mọ̀gbà tó bọ́ lẹ́nu mi:

“Màmá, ṣé ẹ ti délé?”