Kásẹ́ẹ̀tì Tí Bọ̀dá Kúnlé Fi Ránṣẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù mi lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Baálẹ̀, n'Òṣogbo níbí. Bó ṣe ń tú u ni orin kan ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gìtá méjì ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìlù ń tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Àṣé mo ń dúró kí ẹnì kan kí Màmá ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé èmi alára tán. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá bàbá mi, là ń gbé n'Iléṣà. Àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Kúnlé, wà lápá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láyé ọjọ́un, ẹni tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé kì í kọ lẹ́tà sí i, inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ sí. Bọ̀dá á kọ́kọ́ fi orin díẹ̀ síwájú, lẹ́yìn náà á máa kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí Màmá títí dórí ajá. Bó ṣe ń kí wa làwa náà á máa dá a lóhùn, bí ẹni pé ó jókòó sí pálọ̀.

Àmọ́ ó ti tó ọdún méjì tá a gbóhùn ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti kú. Màmá kì í jẹun kánú mọ́. Ìgbà náà ni ará Ìwàrà kan tó ti Amẹ́ríkà dé mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá. Òun fúnra rẹ̀ ò rí Bọ̀dá, ẹlòmíràn ni Bọ̀dá gbé e fún, ìyẹn ló fi rán an.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo wa jókòó ti rédíò. Gìtá bẹ̀rẹ̀. A rò pé orin ìṣáájú ni. Òyìnbó kan kọrin díẹ̀, ó dákẹ́, àwọn gìtá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, wọn ò sì dá a padà fún un. Orin kan á parí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tíṣà tí kì í ní sùúrù, nawọ́ sí bọ́tìnnì pé kóun sáré yí i kọjá síwájú. Màmá gbá a lọ́wọ́.

"Bó o bá sáré kọjá ibi tó ti ń kí mi ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ ojú kìíní tán, tá a yí i sí èkejì. Ó rú mi lójú pátápátá. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọ̀kan nínú àwọn gìtá yẹn ni Bọ̀dá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, bátìrì wa, tá a ti sá sóòrùn láìmọye ìgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Orin náà ń falẹ̀, ohùn òyìnbó wálẹ̀, ó ki, ó ń wọ́. Màmá dìde.

"Kúnlé nìyẹn," ló wí. "Ọmọ mi, ìgbà wo lo ń bọ̀ wá sí ulé?"

Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé bátìrì ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá jẹ iyán, ó ní ká bù sí i. Láti ìgbà náà, tó bá ti fẹ́ gbọ́ Kúnlé, èmi ni mo máa ń kó bátìrì tuntun pamọ́, tí màá fi èyí tó ti ń kú sínú rédíò.

Bọ̀dá ò kú. Ìgbà tá à ń sin Màmá ló tó wálé. Mo bi í nípa kásẹ́ẹ̀tì náà, ó họrí. Ó ní òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn, ìtìjú ò jẹ́ kóun mọ ohun tóun máa sọ. Lòun bá fi kásẹ́ẹ̀tì orin àwọn ọmọkùnrin ìlú ibẹ̀ tóun ń gbọ́ lójoojúmọ́ ránṣẹ́, kí ìyá òun ṣáà mọ̀ pé òun wà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí i ni, àbí kí n sọ fún un pé Màmá gbóhùn ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Lónìí, ẹ̀ ń fi fóònù fi ohùn ránṣẹ́, kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu yín, ó ti dé Amẹ́ríkà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ìyá tó ń wo fóònù tí kò dún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ orin yìí ni?" ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe náà bi mí. "Ó ti gùn jù, ẹ jẹ́ n yí i."

Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó má sáré kọjá ibì kankan.