Iná Iwájú Mọ́tò Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo lè fi pẹ́ńtì ya gíláàsì sórí igi, kí ẹ sì na ìka yín láti kàn án wò bóyá yóò dún. Kì í ṣe gíláàsì fèrèsé ni mò ń wí. Gíláàsì iná iwájú mọ́tò ni, lára lọ́rì kékeré tí kò gùn ju apá mi láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́, tí ojú iná rẹ̀ kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó gbé búrọ́ọ̀ṣì kó dán an wò. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi ló là mí lójú.

Dírẹ́bà lọ́rì ni bàbá mi, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Bọ́lẹ̀kájà àtijọ́ kan ni wọ́n ń wà, èyí tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, tó jẹ́ pé iwájú nìkan ni irin. Ẹja ni wọ́n ń kó láti Ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú, tútù àti yíyan, pẹ̀lú àwọn tó ni ẹja. Òórùn ẹja yíyan kò kúrò lára wọn rí. Ìyá mi a máa sọ pé òun kò nílò kí òun yọjú wo ìta kí òun tó mọ̀ pé ọkọ òun ti dé.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ nu gíláàsì iná iwájú méjèèjì. Èmi ni wọ́n yan iṣẹ́ náà fún, torí pé èmi ni àkọ́bí. Bàbá mi gbà pé mọ́tò tí kò bá fi ojú mímọ́ jáde nílé kò ní fi ojú ire délé. Màá mí háà sí i, màá fi àkísà nù ún, màá tún mí sí i. Nígbà tó yá, òkúta kan ta lábẹ́ táyà tírélà lọ́nà Ìtóìkín, ó ba gíláàsì ọwọ́ òsì. Kò fọ́. Ó kàn là láti òkè wá sí àárín, tín-ín-rín bí irun. Bàbá mi kò pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó ṣì ń ríran. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ gíláàsì yẹn, wọn a gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń wo ọ́ìlì, wọn a ní, "Rọra o. Ibi tó là yẹn, kó má gé ọ lọ́wọ́." Ojoojúmọ́ ni, bí ẹni pé òkúta ọ̀hún àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ta. Inú a máa bí mi, torí n kì í fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìwà yẹn ṣì wà lára mi di òní.

Bàbá mi fẹ́ kí n di olùkọ́. Mo di àtíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa tí à ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, tí à ń ya kìnnìún àti ẹyẹ sẹ́yìn lọ́rì. Ìgbògbò, nítòsí Ìkòròdú, ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ̀mù. Obìnrin kan ṣoṣo ni mí láàárín wọn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé lẹ́tà mi ló dúró jù. Àmọ́ nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí kọ̀ǹpútà sì kún gbogbo òpópónà, bánà ọlọ́rá náà dé. Wọn a tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan, wọn a so ó kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwòrán ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù a máa rẹ́rìn-ín sí èrò ọ̀nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà. Èmi kò lè gun ọ̀kadà, onínúfùfù ni mí, gbogbo èrò ni mo máa bá jà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjákù pákó ṣe lọ́rì kékeré. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní ẹ́sítéètì, àwọn tó ń jí lọ sí Èkó lójoojúmọ́, ni wọ́n ń rà á sí pálọ̀. Wọ́n ní ó ń rán àwọn létí ilé bàbá àwọn.

Bàbá mi gbọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ tí mo rán níwèé, o wá jókòó o ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, n kò ní purọ́.

Ní ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ta lọ́rì náà fún àwọn tó ń ra irin, àwọn yẹn sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá mi fi í kọ́ ìṣó ní pálọ̀, lókè tábìlì kékeré kan tí wọn kò gbé ohunkóhun lé. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni ojú mi ń lọ síbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti pinnu ohun tí yóò wà lórí tábìlì yẹn. Bí bàbá mi bá fi ọwọ́ ara wọn gbé mọ́tò tí mo ṣe sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Bí wọn kò bá gbé e, ohun ìṣeré ni mò ń ṣe lóòótọ́ nìyẹn, n kò sì ní í lè tan ara mi mọ́.

Mo lo oṣù méjì lórí rẹ̀. Agolo mílíkì ni mo fi ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì ni mo gé ṣe táyà. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lókè orí dírẹ́bà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, Sùúrù Lérè, lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ìyeyè. Iná iwájú, mo fi pẹ́ńtì fàdákà kùn ún róbótó, ó parí. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ nínú páálí bí ẹni gbé ẹyin.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí. Wọ́n yí mọ́tò náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n tẹ táyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ iwájú rẹ̀ sí ara wọn, wọ́n ń wò ó.

"Gbogbo ẹ̀ ló pé," ni wọ́n wí. "Àmọ́ mọ́tò yìí fọ́jú."

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ńṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù àlùwàlá. Ibẹ̀ ló wà títí mo fi gbé e padà.

Mo bá wọn jà lọ́kàn mi láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oòrùn ọ̀sán ni, iwájú bọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí, mo sì ń rí iná àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́kánkán. Kò sí èyí tó tanná nínú wọn, síbẹ̀ gbogbo wọn ló lójú. Ohun kan wà nínú gíláàsì yẹn tí fàdákà mi kò ní.

Mo rò pé gíláàsì tòótọ́ ló ń fẹ́. Mo fọ́ ìgò, mo gé díńgí, mo gún ọwọ́ ara mi, mo lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ dà bí ojú ẹja gbígbẹ. Ohun kékeré kì í gba ìmọ́lẹ̀ bí ohun ńlá ṣe ń gbà á. Mo bá lọ síbi tí àwọn lọ́rì oníyẹ̀pẹ̀ ti máa ń dúró ní Ìgbògbò, mo lóṣòó síwájú ọ̀kan, mo ń wo iná rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni dírẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Aǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mọ́tò yìí ni, kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi kí wọ́n mú ọjọ́ ìdána?"

Mo ní kó sún kúrò lójú iṣẹ́ mi.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ya mí lẹ́nu. Mo ti rò pé òkè gíláàsì ló máa mọ́lẹ̀ jù, torí òkè ni oòrùn wà. Irọ́ ni. Òkè ló ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú gíláàsì kọjá lọ jókòó sí ìsàlẹ̀, nínú abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkè tó dúdú yẹn wá ní ẹ̀kán funfun kan ṣoṣo, níbi tí oòrùn ti fẹnu kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kùn ún: dúdú lókè, kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ sí àwọ̀ eérú, sí àwọ̀ ojú ọ̀run, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun nísàlẹ̀. Ẹ̀kán funfun gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni fáníìṣì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sókè, mọ́tò náà wò mí. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo tún gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi kọ́kọ́ gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n fi àtàǹpàkò bo iná ọ̀tún, wọ́n wo tòsì. Wọ́n bo tòsì, wọ́n wo tọ̀tún.

"Ó ti ń ríran," ni wọ́n wí. "Àmọ́ oòrùn mélòó ló ń ràn lé e lórí?"

Mo ní, "Ọ̀kan ni, bàbá mi."

"Wò ó dáadáa."

Mo wò ó, ojú tì mí. Ẹ̀kán funfun ti iná ọ̀tún wà lápá ọ̀tún, ti iná òsì wà lápá òsì. Àṣìṣe àtíìsì ni. Bí a bá fẹ́ ya kìnnìún méjì tó kọjú síra sẹ́yìn lọ́rì, ẹyọ kan la máa gé sínú bébà, a ó yí bébà náà padà fún èkejì. Èjì tí kò bá dọ́gba, ọ̀gá mi a fi igi búrọ́ọ̀ṣì gbá wa lórí ìka. Ọwọ́ mi ti yí bébà padà kí orí mi tó mọ̀. Ẹni tó ti fi ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wo iná méjèèjì láràárọ̀ nìkan ló lè rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Mọ́tò náà tún sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù.

N kò bínú lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn gan-an sì jọ mí lójú. Mo fi bíléèdì ha iná méjèèjì kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oòrùn kan ṣoṣo, lápá òsì gíláàsì méjèèjì. Nígbà tí mo parí ti òsì, tí mo fẹ́ da fáníìṣì sí i, ọwọ́ mi dúró. Gíláàsì náà ti pé jù. Mo rántí òkúta Ìtóìkín. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, mo gé irun rẹ̀ títí ó fi ku mẹ́ta. Mo di èémí mú, mo fa ìlà dúdú kan láti òkè wá sí àárín, mo sì fa funfun tó tín-ín-rín jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé ibi tí gíláàsì bá là máa ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ létí. N kò tíì fa ìlà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Wọ́n ti kírun ọ̀sán tán nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́. Mo gbé mọ́tò náà lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo iná ọ̀tún. Wọ́n fa etí bùbá wọn, wọ́n mí háà sí i, wọ́n rọra nù ún. Wọ́n bọ́ sí ti òsì. Aṣọ náà ti fẹ́ kàn án kí ọwọ́ wọn tó dúró. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọn kò nù ún.

Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n gbé mọ́tò náà mọ́ àyà, wọ́n wọlé. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Orí mi wú. Mo fẹ́ pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Mọ́tò náà kọjú sí ògiri díẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n tún un ṣe, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Rọra o," ni bàbá mi wí lẹ́yìn mi. "Ibi tó là yẹn, kó má gé ọ lọ́wọ́."

Igi ni, pẹ́ńtì ni, èmi ni mo yà á. Mo rọra.