Ṣúù Mẹ́jọ Nínú Àpò Olúṣèyí

Ní gbogbo àdúgbò Coal Camp, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Olúṣèyí Ọláògún kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan ọkọ̀ òun. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Enugu. Ìkìrun ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló sì dàgbà sí, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú èédú. Mọ́rísì kékeré aláwọ̀ eérú ni ọkọ̀ rẹ̀, ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Mẹkáníìkì pọ̀ ládùúgbò náà bí eṣú. Bí Mọ́rísì bá wúkọ́ lásán, ọ̀kan nínú wọn á ti nawọ́ mú sípánà, Olúṣèyí á sì yára ké lédè Píjìn pé, “Líìf-àm!” Ẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra òun ni yóò tún un ṣe. Bó ṣe di Ọ̀gá Líìf-Àm nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó háwọ́. Ó kàn fẹ́ràn kí ohun tó bà jẹ́ máa sọ àṣírí ara rẹ̀ fún òun ni. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta tú ohun tí ẹlòmíràn yóò fi wákàtí kan tú, á máa nù ún, á máa wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fún ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà: Nnaji, ọmọ Ngwo, tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín yàrá tirẹ̀ àti ti Olúṣèyí. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Olúṣèyí á gbé e jókòó sídìí sitiárìn, á kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ugoye, ìyàwó Nnaji, ló sì ń bá Phoebe, ìyàwó Olúṣèyí, wẹ ọmọ nígbà tí Phoebe bí èkejì, torí kò sí ìyá tàbí ìyá ọkọ nítòsí. Ugoye kò gbọ́ Yorùbá, Phoebe kò gbọ́ Igbo, síbẹ̀ wọ́n á jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi tutù.

Nígbà tó di ọdún 1966, ìlú dàrú. Lóṣù kẹjọ, Phoebe kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ n’Íbàdàn. Olúṣèyí ní òun kò lè fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Lóṣù kẹsàn-án ni búréèkì Mọ́rísì bẹ̀rẹ̀ sí í han, irin ń lọ mọ́ irin. Olúṣèyí fi jáàkì gbé e, ó to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, ó sì tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó ṣí àwọn irin roboto tó wà lẹ́yìn táyà, ìpáàrà dà sí i lọ́wọ́ bí iyẹ̀fun. Ṣúù búréèkì, àwọn irin méjì-méjì tó tẹ̀ bí oṣù lé, tó máa ń fẹ̀ mọ́ irin roboto náà kí ọkọ̀ tó lè dúró, ti jẹ tán. Awọ tó yẹ kó wà lójú wọn kò kù ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Phoebe kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ náà: “Bàbá Lékè, gbogbo ènìyàn ń bọ̀ wálé. Gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì, kí o sì máa wà á bọ̀. Mo bẹ̀ ọ́.” Olúṣèyí ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú Bíbélì. Ó dé àwọn irin roboto náà padà, ó kó ṣúù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú àpò kánfáàsì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ rélùwéè ń yá a ní irinṣẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti ń gbá awọ tuntun mọ́ wọn, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Mẹkáníìkì ẹ̀yìnkùlé ì bá ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Olúṣèyí fi ṣe é.

Ọjọ́ tó kan ìkẹjọ, tó ń fi sánpépà ha etí rẹ̀, ni ìjọba apá Ìlà Oòrùn pàṣẹ pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ apá ibẹ̀ máa lọ sílé. Lọ́rì ti dúró lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, kò ní pẹ́ ṣí. Kò sí àyè láti délé. Ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe ránṣẹ́ ló ti rí Nnaji tó ń sáré bọ̀, tó di aṣọ Olúṣèyí sínú bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, tó gbé e lérí.

“Ọ̀gá mi, mo gbọ́ pé ẹ ń lọ,” ni Nnaji wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Olúṣèyí fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ nínú àpò ṣòkòtò, ó fi í sí i lọ́wọ́. “Bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀ràn kan bá dé, gbé e, kí o fi gbé Ugoye. Má wo ojú mi.”

“Mo gbọ́.”

Wọ́n dì mọ́ra. Àpò kánfáàsì wà láàárín wọn, ó ń gún Nnaji níhà. Kò sí èyí tó rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti kọjá afárá odò Ọya, tí Olúṣèyí ki ọwọ́ bọ àpò láti mú búrẹ́dì, ni ọwọ́ rẹ̀ kan irin tútù. Ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni. Ó pariwo sí dẹ́rẹ́bà pé kó dúró, àwọn èrò yòókù sì bi í bóyá orí rẹ̀ ti dàrú.

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan ni ṣúù wọ̀nyẹn fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì n’Íbàdàn. Ogun bẹ̀rẹ̀. Rédíò sọ pé Enugu ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀, àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Olúṣèyí dìde, ó wọlé lọ, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Oṣù kẹfà ọdún 1970 ni rélùwéè dá a padà síbi iṣẹ́. Ó ra ọ́ìlì búréèkì àti rọ́bà tuntun n’Íbàdàn, torí ó ti gbọ́ pé kò sí nǹkan ní Enugu. Nígbà tó dé Coal Camp, Nnaji jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù kan egungun.

“Ìyàwó wa ńkọ́?” ni Olúṣèyí bi í.

“Ó ti lọ.”

“Áà! Nnaji! Kí ló pa á?”

“Ogun ni. Ẹ wọlé, ẹ fi omi bọjú.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Olúṣèyí kò sì lè wádìí síwájú. Mọ́rísì ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Àwọn ṣọ́jà tó sùn nínú ọgbà ti tú àga inú rẹ̀ lọ, wọ́n ti fọ́ dígí kan, wọ́n sì ti ń sá aṣọ sórí rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ka ọkọ̀ tí kò ní táyà sí. Àjà ni Nnaji ti kó àwọn táyà náà pamọ́ sí.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìpáàrà ti lẹ àwọn irin roboto náà mọ́ ara ọkọ̀. Olúṣèyí da kẹrosíìnì sí wọn, ó fi òòlù gbá wọn yíká, díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jáde pẹ̀lú igbe. Ó fi sánpépà ha inú wọn títí ó fi dán. Ó tú àwọn kòkò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ti gan. Lẹ́yìn náà ló to ṣúù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà, ó fi sípíríńgì fà wọ́n mọ́ra. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe máa ń dùn látijọ́. Ó tilẹ̀ ń fi imú kọrin.

Ó wá ku kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù ọ́ìlì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á tẹ búréèkì lókè, ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde, á sì tún dì í. Nnaji jókòó sórí àpótí igi níbi tí àga wà tẹ́lẹ̀. Olúṣèyí nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn táyà.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Mú un dáadáa.” Ọ́ìlì hó jáde. “Ó tó. Gbé ẹsẹ̀ kúrò. Nnaji, gbogbo ìgbà tí mo wà n’Íbàdàn ni mò ń rò ó pé ẹ ti gbé ọkọ̀ yìí sá lọ. Mo rò pé ẹ ó wá ọgbọ́n kan dá sí i.”

Nnaji gbé ẹsẹ̀ kúrò.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.” Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ó kù díẹ̀ kí Enugu bọ́ ni itan Ugoye kán. Ó ń sá fún ọkọ̀ òfuurufú, ó já sí kòtò. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í ní ọsibítù. Nígbà tí gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sá, kò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Mo so táyà mọ́ ọkọ̀ yìí lórí búlọ́ọ̀kù. Mo tẹ búréèkì, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ mi lọ dé ilẹ̀, kò di nǹkan kan mú.”

Sípánà dúró lọ́wọ́ Olúṣèyí.

“Mo ní n ó wà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé Ugoye dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọ̀nà Gáríkì, tó jáde nílùú, kún fún ènìyàn, àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó, ewúrẹ́. Ugoye wò wọ́n. Ó ní, ‘Ṣé ọkọ̀ yìí máa dúró?’ Mo ní kò ní dúró. Ó ní, ‘Má fi mí pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbé mi sórí kẹ̀kẹ́.’ Mo tún tú táyà, mo kó wọn sí àjà, kẹ̀kẹ́ náà ni mo fi tì í. Òjò pa wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Símẹ́ńtì rọ̀, ẹsẹ̀ náà wú. Ní ọjọ́ kẹrin, a ti kọjá Gáríkì tipẹ́, ó ní kí n sọ òun kalẹ̀, pé ó ti rẹ òun. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ni mo sin ín sí.” Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí búréèkì.”

Olúṣèyí di nọ́ọ̀tì náà. Inú ilẹ̀ ọ́ìlì tó wà náà ló ti dojúbolẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ níwájú ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. “Èmi ni mo pa á,” ló ń wí. “Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Phoebe kọ̀wé sí mi. Èmi ni, Nnaji.”

Nnaji sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó di apá rẹ̀ mú. “Ẹ dìde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ju bọ́ǹbù. Ẹ dìde, ó ku táyà kan.”

Wọ́n parí táyà kan tó kù láìsọ̀rọ̀, àyàfi “tẹ̀ ẹ́” àti “mo ti tẹ̀ ẹ́”. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Olúṣèyí lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n yá bátìrì, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà gba Gáríkì jáde, kí Nnaji lè fi ibojì hàn án. Lẹ́yìn ọjà, ṣọ́jà kan fò bọ́ sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́. Olúṣèyí tẹ búréèkì. Mọ́rísì dúró gbọnin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ṣọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó gbá ìbòrí ọkọ̀, ó ní búréèkì yìí mà múná o, ta ni mẹkáníìkì wọn? Nnaji yíjú sí fèrèsé. Olúṣèyí ki jíà, ó sì wakọ̀ lọ.

Wọn kò rí ibojì náà. Nnaji ní ẹ̀gbẹ́ igi ńlá kan ni, àmọ́ wọ́n ti gé igi, ọkọ̀ ogun sì ti fẹ ọ̀nà sọ́tùn-ún sósì. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ó ní, “Níbí ni.” Ó rin ogún ìṣísẹ̀ síwájú, ó tún ní, “Rárá, níbí ni.” Nígbà tó yá, ó jókòó sórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Olúṣèyí dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án.

Ó fẹ́ fún un ní ọkọ̀ náà. Nnaji kọ̀: “Níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ?” Ibi ìwakùsà kò tíì ṣí, owó oṣù kò sí. Lóṣù kẹjọ ó di ẹrù rẹ̀, Olúṣèyí sì fi ọkọ̀ gbé e gun òkè lọ sí Ngwo, sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ tán, Nnaji bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá mi, inú kò bí mi sí yín. Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ ẹ má tíì máa wá. Bí mo bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi á tún máa lọ dé ilẹ̀.”

“Títí di ìgbà wo, Nnaji?”

“N ó ránṣẹ́.”

Kò ránṣẹ́. Lóṣù kejìlá, Phoebe àti àwọn ọmọ dé. Olúṣèyí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìwé tó kọ sí i pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Phoebe kò dá a lẹ́bi. Ó kàn jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó síbi tí òun àti Ugoye ti máa ń wẹ ọmọ, kò sì wọlé títí oúnjẹ fi tutù.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, Olúṣèyí wa ọkọ̀ gun òkè náà. Ó dúró ní ìkóríta, níbi tí a ti lè rí ilé ẹ̀gbọ́n Nnaji lókèèrè, ó sì yára pa ẹ́ńjìnnì kí ohùn rẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Èéfín ń jáde nílé ìdáná. Ọkùnrin kan tẹ̀ba síwájú ilé, ó ń la igi. Nnaji ni. Olúṣèyí jókòó wò ó títí ó fi la igi tán, tó kó o, tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló tú búréèkì sílẹ̀, kí ọkọ̀ máa yí padà sísàlẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì.

Phoebe wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. “Ṣé o bá wọn nílé?”

“Wọ́n wà níbẹ̀,” ni Olúṣèyí wí, ó sì kọjá lára rẹ̀ wọlé.